Kókó nínú ọkàn àti ẹ̀mú tí àwòrán ń darí: ìbéèrè tí àwọn ará Èkìtì máa ń bi mí

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nínú yàrá tí a ti ń fi ẹ̀rọ ẹ́kò, tó ń fi ìró ya àwòrán, wo ọkàn. Kí n tó padà wálé, mo ṣe ọdún mẹ́fà ní Ìbàdàn, ní yàrá kàtítà, níbi tí wọ́n ti ń ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan wọ ọkàn. Èmi ni mo máa ń gba ẹran báyọ́pùsì, ìyẹn èérún tí wọ́n fi ẹ̀mú kékeré gé fún àyẹ̀wò, lọ́wọ́ dókítà sínú ìgò. Kò sí ọdún tí ìdílé kan tàbí méjì kì í dé ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú ìwé tó sọ pé kókó wà nínú ọkàn èèyàn wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì jókòó tì wọ́n láti ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí.

Ìbéèrè wọn ni mo kó jọ síbí. Bí ẹ ṣe ń kà á, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú: ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kókó tí àwòrán tàbí ẹran kò tíì sọ irú èyí tó jẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gé e kí àwòrán tó fi gbogbo ara rẹ̀ hàn.

Dókítà ní kókó wà nínú ọkàn màmá mi. Ṣé kókó máa ń wà nínú ọkàn ni?

Ó máa ń wà, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n. Bí àwọn dókítà bá yẹ òkú 10,000 wò, èyí tí kókó ti hù láti inú ọkàn fúnra rẹ̀ kì í sábà ju 2 tàbí 3 lọ. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn tó wá rìn dé ọkàn ló pọ̀, ó fi ìlọ́po ogún pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó kéré tán. Ó lè ti ẹ̀dọ̀fóró wá, ó lè ti ọmú wá, ó lè jẹ́ lìnfómà, ìyẹn jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá ara gbógun ti àìsàn, tàbí kó jẹ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ti kíndìnrín tiẹ̀ lè gun iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn bọ̀ lókè bí ìtàkùn, títí yóò fi yọ orí sínú yàrá ọkàn apá ọ̀tún.

Nínú àwọn tó hù láti inú ọkàn gan-an, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àgbàlagbà ni míkísómà. Ó máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán. Ọkàn ní yàrá méjì lókè, méjì nísàlẹ̀; míkísómà sábà máa ń fi ìtì kékeré so mọ́ ògiri tó pín yàrá òkè méjèèjì níyà. Mo rántí àkọ́kọ́ tí mo rí lójú ẹ̀rọ. Bí ọkàn bá ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kókó náà á yọ́ kọjá sí yàrá ìsàlẹ̀, bó bá fẹ́ tì í, á tún fò padà sókè. Obìnrin tó ni ọkàn náà dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń sọ fún mi pé ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn ni.

Ṣé gbogbo ohun tí ẹ́kò bá rí ló jẹ́ kókó?

Rárá o. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí.

Ẹ̀jẹ̀ dídì ló máa ń jọ kókó jù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wú, tí kò lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí kọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ kó sì rí bákan náà pẹ̀lú kókó. Àkóràn tó bá bà lé ilẹ̀kùn ọkàn lè hu nǹkan bí olú sára rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè dé àpò ọkàn kó mú un nípọn. Àìsàn kan sì wà ní ilẹ̀ olóoru wa, tí dókítà Davies kọ ìròyìn rẹ̀ láti Ùgáńdà ní 1948, tí wọ́n sì rí púpọ̀ ní Ìbàdàn lẹ́yìn náà: awọ inú ọkàn á nípọn, á le, á sì dí ìdí yàrá ìsàlẹ̀ pa. Ẹni tí kò bá rí i rí lè pè é ní kókó. Kódà ara ọkàn tí kò ṣàìsàn ní àwọn ìṣẹ́po àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè dẹ́rù ba ẹni tó ń wo àwòrán.

Àwọn àgbà ní ká tó mọ̀ pé kíjìpá kì í ṣe awọ, ó di ọdún mẹ́ta. Aláìsàn kò ní ọdún mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí ẹ tún ya àwòrán pẹ̀lú ẹ̀rọ MRI tàbí CT lẹ́yìn ẹ́kò. Bí wọ́n bá fún aláìsàn ní oògùn aláwọ̀ nínú iṣan, kókó tí ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ á gbà á, á mọ́lẹ̀ lójú àwòrán. Ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà gbà á, dúdú ni yóò wà. Nígbà míràn, dókítà á kàn fún aláìsàn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tún ẹ́kò ṣe. Bí nǹkan náà bá ti yọ́ lọ, ó di pé ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Kò sí ẹ̀mú kankan tó kàn án.

Kí ni báyọ́pùsì gan-an?

Gígé ẹran bíńtín lára kókó kí dókítà tó mọ̀ nípa ẹran ara lè wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Àwòrán lè sọ ibi tí kókó wà, bó ṣe tóbi tó àti bó ṣe ń mì. Ẹran náà ló ń sọ irú ohun tó jẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní àwòrán gbọ́dọ̀ darí ọwọ́ dókítà? Ṣé dókítà kò mọ ibi tí ọkàn wà ni?

Ó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ inú ọkàn kì í dúró, ẹ̀jẹ̀ ló sì kún ibẹ̀. Kò sí ojú tó lè là á kọjá.

Ní 1929, ọ̀dọ́mọdé dókítà kan ní Jámánì, Werner Forssmann, ti okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan apá ara rẹ̀ títí ó fi dé inú ọkàn, ó sì rìn lọ sí yàrá ẹ́síréè kí wọ́n lè ya á ní àwòrán. Ní 1956 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ní 1962, Sakakibara àti Konno ní Japan fi ẹ̀mú kékeré sí orí okùn bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gé ẹran jáde láti inú ọkàn láì la àyà. Ẹ̀mú yìí kò yàtọ̀ sí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ní ìrísí, ó ní ẹnu méjì tó ń ṣí tó ń pa dé, àmọ́ ẹnu náà kéré gan-an, mílímítà díẹ̀ péré ni.

Ẹ́síréè tó ń rìn bí fíìmù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ láyé ìgbà náà, a ṣì ń lò ó. Ìṣòro rẹ̀ ni pé irin ẹ̀mú hàn, eegun hàn, ìrísí ọkàn hàn bí òjìji, kókó rírọ̀ kò hàn rárá. Bó bá jẹ́ ara ògiri ọkàn ni a fẹ́ gé, bíi ti ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún, ìyẹn tó, torí ibi tó bá kàn náà ni ẹran wà. Bó bá jẹ́ kókó tó dúró sí igun kan ńkọ́? Ẹ̀mú lè gé ògiri tí kò ṣe nǹkan kan, kó fi kókó sílẹ̀. Ó sì lè lọ gún ibi tí ògiri ti fẹ́lẹ́.

Ẹ́kò ló yanjú ìyẹn. A lè gbé e sórí àyà láti òde. Wọ́n tún lè ti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sẹ́yìn ọkàn gan-an, torí ọ̀nà ọ̀fun àti yàrá òkè apá òsì fara kan ara wọn, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ gaara. Aláìsàn máa ń sùn fún ìyẹn. Èyí tó tún tuntun ni ẹ́kò tí orí rẹ̀ wà lẹ́nu okùn, tí wọ́n ń ti iṣan itan tì wọ inú ọkàn fúnra rẹ̀. Pẹ̀lú èyí, aláìsàn lè wà lójúfò. Lójú ẹ̀rọ, ẹ ó rí kókó, ẹ ó rí ẹ̀mú tó ń sún mọ́ ọn, ẹ ó rí ẹnu rẹ̀ tó ṣí. Dókítà á ní kí gbogbo wa dákẹ́. Ìgbà tó bá rí i pé orí ẹ̀mú wà lórí kókó, tí kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ló máa pa ẹnu rẹ̀ dé.

Bí kókó bá wà lóde ọkàn, nínú àpò rẹ̀ tàbí létí àyà, wọ́n lè máà wọ inú iṣan rárá. CT tàbí ẹ́kò ni wọ́n á fi darí abẹ́rẹ́ gígùn láti ara àyà lọ síbẹ̀.

Dókítà ní òun kò ní gé báyọ́pùsì, ó ní kí bàbá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tààrà. Ṣé kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ti ọkàn tó ń bẹ̀rù wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni dókítà náà jàre.

Ẹ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn. Apá ọ̀tún ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Apá òsì ń tì í lọ sí gbogbo ara, ọpọlọ sì wà lára rẹ̀. Míkísómà mẹ́ta nínú mẹ́rin ló wà ní yàrá òkè apá òsì, ó sì rọ̀. Bí ẹ̀mú bá fọwọ́ kàn án tí èérún kan já bọ́, orí ni èérún náà lè gbà lọ, ohun tó sì ń tẹ̀lé ìyẹn ni rọpárọsẹ̀. Kí wá la fẹ́ fi báyọ́pùsì mọ̀? Kókó tó fi ìtì so mọ́ ògiri àárín lápá òsì, tó ń mì lọ mì bọ̀, ìrísí rẹ̀ ti sọ púpọ̀. Bó bá jẹ́ míkísómà, yíyọ ni oògùn rẹ̀. Bí kò bá sì jẹ́ òun, kókó tó rí bẹ́ẹ̀ lápá òsì, yíyọ náà ló sábà máa ń jẹ́. Láti 1954 tí Crafoord ti yọ ọ́ láṣeyọrí ní Sweden ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ti ibẹ̀ padà sílé láìsí wàhálà mìíràn. Àwọn dókítà kì í fẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, torí láì tiẹ̀ sí ẹ̀mú níbẹ̀, èérún lè já fúnra rẹ̀.

Ìgbà wo ló wá pọn dandan kí wọ́n gé e?

Nígbà tí èsì rẹ̀ máa yí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe padà. Kókó tó wà lápá ọ̀tún, tó fẹ̀ wọ inú ògiri ọkàn tí iṣẹ́ abẹ kò lè yọ tán. Kókó tí wọ́n fura sí pé lìnfómà ni. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, tí a kò mọ̀ bóyá èyí jẹ́ ọmọ rẹ̀ tàbí àjèjì. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà ọkàn Amẹ́ríkà àti Yúróòpù jọ gbé jáde ní 2007 sọ pé ó bójú mu láti gé báyọ́pùsì fún ẹni tí wọ́n fura sí pé ó ní kókó nínú ọkàn, tí wọn kò bá lè mọ̀ ọ́n lọ́nà mìíràn.

Jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan fún yín. Ìjerò ló ti wá, iṣu ló ń tà. Ojú rẹ̀ wú, ọrùn rẹ̀ wú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí okùn. Ẹ́kò fi kókó ńlá hàn ní yàrá òkè apá ọ̀tún, ó ti fẹ́ dí ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń tọrọ owó kiri fún iṣẹ́ abẹ ọkàn. Dókítà àgbà kan ló ní kí wọ́n dúró. Wọ́n gba ọrùn wọlé, ẹ́kò ọ̀nà ọ̀fun ń tọ́ ẹ̀mú sọ́nà, wọ́n gé ẹran mẹ́fà. Lìnfómà ni. Abẹ kọ́ ni oògùn rẹ̀, kímò ni, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn ìgbà kejì tí wọ́n fún un ní kímò, èmi ni mo tún ẹ́kò rẹ̀ ṣe, mo sì wá kókó náà tì. Màmá ń wò mí lójú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kí lo rí?" Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn.

Kí wọ́n tó dé inú ọkàn, ẹ béèrè ohun kan: ṣé kò sí ibi tó rọrùn ju ìyẹn lọ? Bí kókó bá wà ní ọrùn tàbí abíyá, bí omi bá wà nínú àpò ọkàn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n lè fa ìyẹn tàbí gé ìyẹn kí wọ́n fi mọ èyí tó wà nínú ọkàn.

Ọmọ mi ò ju oṣù mẹ́rin lọ. Ṣé wọ́n á gé tirẹ̀ náà?

Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n gé e. Kókó ọkàn tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé ni ràbúdómáyómà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń súnkì fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà. Bí kókó bá ju ẹyọ kan lọ, tí ọmọ sì ní àmì funfun lára tàbí gìrì ń mú un, dókítà á fura sí àìsàn ìdílé kan tó máa ń bá a rìn, á sì ní kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ ni, àyàfi bí kókó bá dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń da ìlù ọkàn rú. Ìyá, ẹ máa fún un lọ́mú.

Wọ́n ní bí irin bá kan jẹjẹrẹ, ó máa ń tàn. Òótọ́ ni?

Ó ṣọ̀wọ́n. Ohun tó ń mú ọ̀rọ̀ yìí rìn ni pé àwọn èèyàn máa ń pẹ́ nílé kí wọ́n tó wá. Ìgbà tí wọ́n bá gé báyọ́pùsì, jẹjẹrẹ ti tàn tẹ́lẹ̀. Bó bá wá le sí i, báyọ́pùsì ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Ti ọkàn, ewu pé èérún á já bọ́ wà, mo ti sọ ọ́ lókè, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹra fún apá òsì. Àmọ́ àìmọ orúkọ àìsàn ti pa èèyàn ju báyọ́pùsì lọ níwájú mi.

Ẹ sọ bí ọjọ́ náà ṣe máa rí fún mi.

Wọ́n á ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ṣáájú: ṣé ẹ̀jẹ̀ tó, ṣé ó ń dì bó ṣe yẹ, irú ẹ̀jẹ̀ wo ni. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá aspirin, warfarin àti irú wọn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, dókítà ló máa sọ ọjọ́ tí ẹ ó dá a dúró. Kò gbọ́dọ̀ sí oúnjẹ lẹ́nu fún wákàtí mẹ́fà, kódà iyán àná.

Nínú yàrá, òtútù á mú yín, torí ẹ̀rọ kò fẹ́ ooru. Ẹ bèèrè aṣọ ìbora. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ yín láyà kí ìlù ọkàn máa hàn. Wọ́n á ní kí ẹ kọjú sí apá òsì, wọ́n á fi aṣọ bo ojú yín díẹ̀, wọ́n á fi ẹ́kò kékeré wá iṣan ńlá tó wà lápá ọ̀tún ọrùn. Abẹ́rẹ́ tí ń mú kí ibẹ̀ kú tipiri ni ẹ ó mọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó máa ń ta yín bí ìgbà tí tanpẹ́pẹ́ bá jẹ èèyàn, lẹ́yìn ìyẹn ó kù bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi ìka tẹ ọrùn yín. Wọ́n á ki páìpù kékeré kan bọ̀ ọ́, inú rẹ̀ ni ẹ̀mú ń gbà. Nígbà míràn, itan ni wọ́n ń gbà.

Bí ẹ̀mú bá kan ara ọkàn, ìlù rẹ̀ á tàsé, á fò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Àyà yín á kàn sọ kúlúkúlú. Ẹ má fò dìde. Ẹ ké sí wa, ẹ ní "ó ń sọ", à ń wò ó lójú ẹ̀rọ náà. Nígbà tí dókítà bá fà á, àwọn kan máa ń mọ̀ ọ́n bí ìgbà tí wọ́n fa òwú lára aṣọ wọn. Kì í dunni, nítorí inú ọkàn kò mọ ìrora bí awọ ara. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n á lọ, torí ẹran kọ̀ọ̀kan kò tó ìdajì hóró ìrẹsì, kókó sì lè ní ibi tó ti kú tí kò lè sọ nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á tún ẹ́kò ṣe lójú ẹsẹ̀ láti rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò dà sínú àpò ọkàn. Bó bá jẹ́ ọrùn ni, wọ́n á gbé yín jókòó láìpẹ́. Bó bá jẹ́ itan, ẹ ó dùbúlẹ̀ gbalaja fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ká.

Ewu wo ló wà níbẹ̀? Ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Ẹ̀mú lè lu ògiri ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ kún àpò rẹ̀ kó sì fún ọkàn mọ́lẹ̀ tí kò fi ní lè lù. Èyí ni à ń bẹ̀rù jù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí abẹ́rẹ́ gígùn àti ọ̀rá fún fífa ẹ̀jẹ̀ náà jáde gbọ́dọ̀ ti wà lórí tábìlì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì dára kí dókítà tó lè la àyà wà nínú ilé. Ìlù ọkàn lè dàrú tàbí kó lọ́ra jù. Ilẹ̀kùn ọkàn apá ọ̀tún lè fara gbọgbẹ́. Afẹ́fẹ́ lè wọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró bí wọ́n bá gba ọrùn. Níbi tí ọwọ́ dókítà ti mọ́ iṣẹ́ yìí lára, nǹkan ńlá kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ikú wà nínú rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi dókítà pé: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe é? Ẹ kò rí i fín. Dókítà tó mọ iṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ṣé a lè ṣe é ní Èkìtì, àbí a gbọ́dọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó?

Ẹ́kò, ẹ lè ṣe é nílé. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, ilé ìwòsàn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá tó ní ibùsùn 400 náà wà ní Adó, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn níbẹ̀. Báyọ́pùsì kókó ọkàn yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn o. Ó gba ẹni tó ń lo ẹ̀mú, ẹni tó ń ka ẹ́kò, ẹni tó lè la àyà, àti dókítà ẹran ara, kí gbogbo wọn wà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ní kí dókítà yín bá ilé ìwòsàn tó fẹ́ rán yín lọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ẹ tó wọ mọ́tò. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí aláìsàn tó ń mí gúlegúle, tó ti gba ọ̀nà Ìta-Awùrẹ́ já sí Iléṣà, tó dé Ìbàdàn, tí wọ́n wá ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ torí ẹ̀rọ bàjẹ́.

Ẹ gbé àwòrán fúnra rẹ̀ dání lórí CD tàbí fíláàṣì. Ìwé èsì nìkan kò tó. Ẹni tó máa lo ẹ̀mú fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i bí kókó ṣe ń mì.

Ṣé adójútòfò ìlera máa san án?

Bí ẹ bá wà nínú Ulera Wa, ètò ti ìpínlẹ̀ Èkìtì, tàbí ti ìjọba àpapọ̀, ẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì wọn bóyá ó wà nínú àwọn ohun tí wọ́n ń san, kí ẹ sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ. Ẹ béèrè owó yàrá, owó ẹ̀mú àti owó láàbù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó láàbù ni wọ́n máa ń gbàgbé láti sọ fún èèyàn.

Ṣé mo lè máa mu àgbo, kí n sì máa gbààwẹ̀?

Àdúrà, ẹ máa gbà á, èmi náà máa ń gbà á kí n tó wọ ibọ̀wọ́. Ààwẹ̀, ẹ dá a dúró, ara tó ti rẹ̀ kò yẹ ká tún tán an lókun. Àgbo, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró ná, ẹ sì sọ òtítọ́ ohun tí ẹ ti mu. Aáyù àti ata ilẹ̀ tí wọ́n ń gún sínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá. Kò sẹ́ni tó máa bú yín.

Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi ń pariwo nítorí ìgò?

Nítorí ìgò ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù. Lẹ́yìn gbogbo ewu yẹn, ohun tó kù kò ju èérún ẹran mẹ́fà lọ. Bó bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó funfun, ara ọkàn tàbí kókó ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá dúdú tó ń yọ́, ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Bó bá léfòó, ọ̀rá ara ni, dókítà sì gbọ́dọ̀ dá dúró kó ronú ibi tí ẹ̀mú rẹ̀ dé. Inú fọ́málìn, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ni ó ń lọ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fura sí lìnfómà, wọ́n á fi díẹ̀ sílẹ̀ ní tútù láìsí fọ́málìn, torí àyẹ̀wò kan wà tó fẹ́ kí ó wà láàyè, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ dé láàbù lọ́jọ́ náà.

Nílé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, fọ́málìn tán lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹnì kan da omi iyọ̀ sínú ìgò, ó gbé e sórí fèrèsé, ó ní ọjọ́ Ajé ni awakọ̀ máa gbé e lọ. Ọjọ́ Ajé, ẹran ti rà. Bàbá àgbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n pè padà pé kó wá dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan. Títí dòní, mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n gbé aláìsàn wọlé tí mi ò bá tíì fi ọwọ́ mi ṣí ìgò kí n gbóòórùn fọ́málìn náà. Ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè: orúkọ wa wà lára ìgò? Fọ́málìn wà nínú rẹ̀? Ta ló ń gbé e lọ, lónìí àbí lọ́la?

Ìgbà wo ni èsì máa dé, bó bá sì ní òun kò rí nǹkan kan ńkọ́?

Èsì àkọ́kọ́ lè dé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá ní láti fi àwọ̀ pàtàkì kun ún láti mọ irú jẹjẹrẹ, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, torí wọ́n sábà máa ń rán an lọ sí ìlú mìíràn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn kò rí jẹjẹrẹ, ẹ bèèrè bóyá ara kókó gan-an ni ẹran náà ti wá. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì sórí kókó ni ẹ̀mú gé, kókó fúnra rẹ̀ ṣì wà lábẹ́. Dókítà tó dára á gbé àwòrán àti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọn kò bá bára mu, wọ́n á tún gé e, tàbí kí wọ́n yan iṣẹ́ abẹ.

Nígbà míràn, èsì burú. Jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní ánjíósákómà, tó fẹ́ràn yàrá òkè apá ọ̀tún, máa ń yára, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró kí a tó rí i. Bó bá jẹ́ òun ni, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n ní kíákíá. Ọjọ́ tó kù fún màmá ṣeyebíye, ó sì sàn kó lò ó nílé láàárín yín ju kó lò ó lórí títì láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn.

A ti padà sílé. Kí ló yẹ ká máa ṣọ́?

Ojú ibi tí wọ́n gbà wọlé lè ní àpá díẹ̀, ìyẹn kò burú. Kó má gbé nǹkan wúwo fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kò sí odó gígún. Àmọ́ bí àyà bá ń dùn ún, bí èémí bá kúrú, bí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbà tó bá dìde, bí ibi ọrùn tàbí itan bá wú tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí apá kan kú, ẹ má dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín jù, ẹ má kọ́kọ́ wá mi. Lójú ọ̀nà, ẹ pè wọ́n, ẹ ní: "Wọ́n gé báyọ́pùsì nínú ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ báyìí, ẹ gbé ẹ́kò jáde dè wá."